Jàlámíà Tí Mo Máa Wọ̀ Lọ sí Kóòtù Oǹdó

Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Télọ̀,
Àkúrẹ́.

Ràfíátù, Àjọkẹ́ mi, àbúrò Àlàó,

Ìwé yìí máa gùn. Bí ó bá bá ọ lẹ́nu iṣẹ́, fi í sínú báàgì rẹ, kí o délé, kí o jẹun, kí o tó kà á. Mo pè ọ́ títí, o ò gbé fóònù. Ìyá rẹ pè, o gbé tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó ṣe dárúkọ mi báyìí ni o ní iná fẹ́ kú lórí fóònù rẹ. Èmi tí mo kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ ni o fẹ́ fi iná fóònù tàn jẹ? Ó dáa. Bí fóònù ò bá ṣe é bá ọ sọ̀rọ̀, bébà á ṣe é ṣe. Ìyá rẹ ni yóò gbé e wá fún ọ ní Oǹdó, òun àti kúlíkúlí tí o fẹ́ràn, nítorí náà o ò lè lé oníṣẹ́ padà.

Mo kọ́kọ́ kí ọ kú oríire iṣẹ́ tuntun. Ọjọ́ tí o fi àwòrán ara rẹ nínú aṣọ nọ́ọ̀sì ránṣẹ́ sí wa, bí wọ́n ṣe rán apá aṣọ náà ni mo kọ́kọ́ wò, mo rí i pé ẹni tó rán an ò kọ́ṣẹ́ parí. Lẹ́yìn náà ni mo wo ojú rẹ. Inú mi dùn, mo sì sunkún, nítorí pé ẹni tí ì bá fi àwòrán náà han gbogbo ọjà kò sí níbẹ̀ láti fi í hàn.

Mo mọ ohun tó ń bí ọ nínú. O gbọ́ pé lọ́yà ìjọba pe èmi àti ìyá rẹ sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Alágbàká, pé ó bi wá bóyá kí ìjọba máa bá ẹ̀sùn tí ìdájọ́ rẹ̀ jẹ́ ikú lọ lórí Fẹ́mi tó pa ẹ̀gbọ́n rẹ, tàbí kí Fẹ́mi jẹ́wọ́, kí wọ́n sì fi í sẹ́wọ̀n. Nígbà tí o gbọ́ pé a ò tíì fèsì, o ní, "Bàbá, bí ẹ bá lọ bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tó pa bùrọ̀dá mi, ẹ má pè mí lọ́mọ mọ́." Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lára mi. Lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀, a máa wà níwájú adájọ́ ní Oǹdó. Mo fẹ́ kí o mọ ohun tí a máa sọ kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, kí o sì mọ ọ̀nà tí a gbà débẹ̀. Mo máa fi ìmọ̀ràn sí i, nítorí pé bàbá ni mí, bàbá ò lè ṣe kó má gbani nímọ̀ràn.

O mọ bí ọ̀ràn náà ṣe ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹkún ò jẹ́ kí o gbọ́ ọ délẹ̀ rí. Jẹ́ kí n tò ó fún ọ. Àlàó gun alùpùpù lọ sí Bọ́lọ́rundúró lọ wo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Òun àti Màlámù Gàrúbà, ọ̀gá rẹ̀ nídìí òwò àlùbọ́sà, fẹ́ kó o sínú ọkọ̀ tó gbé àlùbọ́sà wá láti òkè Ọya, kí ọkọ̀ náà má baà padà lófo. Táyà alùpùpù jò lójú ọ̀nà oko. Ó dúró, ó pe Gàrúbà, ó ń bá a sọ Hausa gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Jàlámíà aláwọ̀ eérú tí mo rán fún un ló wọ̀, ó sì fi láwàní wé orí nítorí eruku. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣọ́ oko yọ sí i. Màlúù ti jẹ oko wọn lọ́sẹ̀ náà. Wọ́n gbọ́ èdè, wọ́n wo aṣọ, ó tán. Gàrúbà gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí fóònù. Ó gbọ́ tí Àlàó ń pariwo pé, "Ẹ dákun, Yorùbá ni mí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí!" Ó gbọ́ tí ẹnì kan dáhùn pé, "Fúlàní tó gbọ́ Yorùbá ló burú jù." Fẹ́mi ni ẹni náà. Òun náà ló kọ́kọ́ gbé igi. Àwọn yòókù sá lọ, ọlọ́pàá ò tíì rí wọn. Òun nìkan ni wọ́n mú.

Àjọkẹ́, èmi ni mo gé aṣọ yẹn, èmi ni mo rán an. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni wọ́n wò tí wọ́n fi pa ọmọ mi. Láti ọjọ́ náà, bí oníbàárà bá mú aṣọ jàlámíà wá, mo máa ń sọ fún un pé máṣíìnì mi bàjẹ́.

Èkínní nínú ìmọ̀ràn mi: ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ tó ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì ṣì kéré, àwọn aláàárù méjì jà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, Hausa ni ọ̀kan, Fúlàní ni èkejì. Orí ọ̀kan ti là, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Àwọn èèyàn ní kí n dìde, kí n là wọ́n. Mo fẹ̀yìn ti àga mi, mo ní, "Gàm̀bàrí pa Fúlàní, kò lẹ́jọ́ nínú." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Àlàó náà rẹ́rìn-ín, ó ń wí i káàkiri ilé títí ìyá rẹ fi gbá a létí. Mo bínú sí ìyá rẹ lọ́jọ́ yẹn. Mo ní òwe Yorùbá ni, kí ló burú níbẹ̀? Èmi tí onílé kan kọ̀ láti fún ní yàrá nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Àkúrẹ́, tó ní òun ò gba ará òkè, òun ò sì gba ìmàle, èmi ló yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé òkú Àlàó wọlé, òwe yẹn ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, kì í ṣe àdúrà. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mi ò sọ pé èmi ni mo pa ọmọ mi o. Fẹ́mi ló pa á, Ọlọ́run mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Fẹ́mi náà ti gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, lẹ́nu àgbàlagbà bíi tèmi tó fẹ̀yìn ti àga tó ń rẹ́rìn-ín. Níbi iṣẹ́ rẹ, wọ́n á máa pe ará ibí báyìí, wọ́n á máa pe ará ọ̀hún báyìí, wọ́n á ní eré ni. Mi ò ní kí o bá wọn jà. Ṣáà má bá wọn rẹ́rìn-ín.

Èkejì le ju èkínní lọ, ó sì nira fún mi láti kọ. Lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ, o wà nínú yàrá pẹ̀lú àwọn obìnrin, nítorí náà o ò rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní pálọ̀. Ilé kún. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti ará Ọ̀yọ́ tó wà lọ́jà wá, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí mo ń ránṣọ fún wá, onílé wa náà wá. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. "Wọn ò tiẹ̀ wo ojú rẹ̀! Yorùbá pọ́nbélé!" Onílé wa ń fi ọwọ́ lu itan pé, "Ọmọ ulé wa ni, kì í ṣe Fúlàní rárá!" Ọ̀rọ̀ náà tù mí nínú díẹ̀, mo sì gbà á lẹ́nu wọn. Mo ń wí i bí ẹni tó ń ka tèsùbáà: "Ọmọ mi kì í ṣe Fúlàní. Kí wọ́n tiẹ̀ wò ó dáadáa ná."

Màlámù Gàrúbà jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. O mọ̀ pé Fúlàní ni ìyá tó bí i. Òun ló kọ́ Àlàó lówò, Múkáílà ló máa ń pè é, òun ló kọ́ ọ ní Hausa, òun ló sì bá wa gbẹ́ ilẹ̀ níbi ìsìnkú. Ó dìde wẹ́rẹ́, ó ní, "Bàbá Múkáílà, Ọlọ́run á tù yín nínú," ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ. Mi ò fura. Nígbà tí àlejò lọ tán, ìyá rẹ dúró sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ lé ọkùnrin yẹn lọ."

Mo ní, "Èmi kẹ̀? Báwo?"

Ó ní, "Ẹ ń sọ pé kí wọ́n wo ojú rẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó pa á. Bí wọ́n bá wò ó dáadáa, tí wọ́n rí i pé Fúlàní ni, ṣé kí wọ́n máa bá iṣẹ́ wọn lọ ni?"

Ilẹ̀ mọ́, mo lọ bá Gàrúbà níbi tó ń ta àlùbọ́sà. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó dì mí mú. Ó ní, "Bàbá, ẹ ò ṣẹ̀ mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé pẹ̀lú yín, mo mọ bí ẹ ṣe máa ń sọ̀rọ̀." Pé ó mọ̀ ọ́n, tó sì ti mọ́ ọn lára, ló dùn mí jù.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni ní Oǹdó bá fẹ́ tù ọ́ nínú pé wọ́n ṣèèṣì pa ẹ̀gbọ́n rẹ ni, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n má gbà á. Wọn ò ṣèèṣì. Èèyàn ni wọ́n fẹ́ pa, èèyàn náà ni wọ́n pa.

Mi ò ní ka ẹ̀kẹta mọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ yòókù ti wọnú ara wọn. Ohun kan wà tí a fi pa mọ́ fún ọ. Ìyá Fẹ́mi wá sílé wa. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló wá láti Bọ́lọ́rundúró, wọ́n kúnlẹ̀ síta, wọ́n kọ̀, wọn ò wọlé. Oǹdó tó nípọn ló ń sọ, ìyá rẹ tó ti bá wọn nájà pẹ́ ló ń túmọ̀ fún mi. Ó sọ bí màlúù ṣe jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bí ó ṣe lọ fẹjọ́ sùn tí ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn, bí ọmọ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé igi sí ẹ̀gbẹ́ sùn. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ìyà tó jẹ obìnrin náà, ìyà gidi ni. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun kan tí mo gbọ́ láìsí ògbufọ̀: ó ní ọmọ òun ò mọ̀ pé ọmọ wa ni, pé ká ní ó mọ̀ pé Yorùbá ni, kò ní fọwọ́ kàn án.

Ìyá rẹ bi í pé, "Bí ó bá wá jẹ́ Fúlàní ńkọ́, ìyá? Ṣé òun ò ní ìyá ni?"

Obìnrin náà bú sẹ́kún, ẹkún náà yàtọ̀ sí èyí tó ti ń sun tẹ́lẹ̀. Ìyá rẹ wọlé lọ bu omi fún un, ó sì jókòó tì í nílẹ̀ títí ó fi mu ún tán.

Má rò pé láti ìgbà yẹn ni inú mi ti rọ̀. Mo fẹ́ kí Fẹ́mi kú. Láràárọ̀ tí mo bá fi téèpù ìwọnṣọ kọ́ ọrùn, okùn tí wọ́n máa fi kọ́ ọ ni mo máa ń rò. Mo ń rò ó bí mo ṣe ń gé aṣọ, mo ń rò ó bí mo ṣe ń jẹun. Lọ́jọ́ kan, mo fẹ́ rántí bí Àlàó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín, mi ò rí i mọ́. Ọrùn Fẹ́mi ni mo ń rí. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní àbí ọmọkùnrin yìí tún fẹ́ gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kejì ni? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

A lọ bá Alfa wa. Ó ní Ọlọ́run fún ẹni tí wọ́n pa èèyàn rẹ̀ láàyè láti bèèrè ẹ̀mí fún ẹ̀mí, ó sì fún un láàyè láti ṣàánú, pé kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni lè fi bú wa, kí a yan èyí tí èjìká wa lè gbé. Ní Alágbàká, lọ́yà Fẹ́mi náà ní èyí tí òun fẹ́ kí a yàn. Ó ní bí a bá lè gbà kí wọ́n pè é ní àṣìṣe, pé ó ṣi ẹnì kan mú fún ẹlòmíràn, ẹ̀wọ̀n á kéré, gbogbo wa á sì tètè sinmi. Ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ dìde lórí àga nígbà tó gbọ́ "àṣìṣe", èmi náà sì mọ̀ níbẹ̀ pé a ti rí ohun tí a máa sọ.

Ohun tí a máa sọ fún adájọ́ lọ́jọ́bọ̀ rèé. A ò bèèrè ẹ̀mí Fẹ́mi. Ikú rẹ̀ ò lè jí Àlàó, ìyá méjì ni yóò kàn máa sunkún dípò ọ̀kan. Ẹ̀wọ̀n tí òfin bá fún un, kí ó ṣe é, a ò ní bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dín in kù. Ṣùgbọ́n a ò gbà pé àṣìṣe ni. Kí ó dìde níwájú gbogbo ilé ẹjọ́, kí ó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé nítorí pé òun rò pé Fúlàní ni òun ṣe pa á, àti pé bó bá jẹ́ Fúlàní lóòótọ́, ìpànìyàn náà ni. Bí ó bá sọ ọ́, a máa fọwọ́ sí i kí ó wà láàyè. Bí ó bá kọ̀, kí òfin máa lọ bó ṣe ń lọ. A ní àánú fún ẹ̀mí rẹ̀. Irọ́ ni a ò ní àánú fún.

O lè ní àánú wa ti pọ̀ jù. Bínú bí o ṣe fẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ ni wọ́n pa. Mi ò sọ pé kí o dárí ji Fẹ́mi. Èmi gan-an, bí mo bá wo inú mi, mi ò tíì dárí jì í. Ìdáríjì kì í ṣe aṣọ tí wọ́n ń rán lọ́jọ́ kan. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ ni pé kí o má jẹ́ kí ìbínú wọ wọ́ọ̀dù pẹ̀lú rẹ. Bọ́lọ́rundúró ò jìnnà sí Oǹdó. Lọ́jọ́ kan, wọ́n lè gbé darandaran kan wá sórí bẹ́ẹ̀dì níwájú rẹ. Wọ́n lè gbé ìyá Fẹ́mi wá. Mi ò ní kí o fẹ́ràn wọn. Fún wọn lóògùn lákòókò, fi ọwọ́ tó mọ́ gún wọn lábẹ́rẹ́, má sì béèrè ìlú wọn kí o tó béèrè ibi tó ń dùn wọ́n. Ìwọ náà sì rí i pé ò ń sùn. Má fi búrẹ́dì ṣe oúnjẹ alẹ́ lójoojúmọ́. Kírun lákòókò. Kí o sì bá mi wá àyè tú apá aṣọ nọ́ọ̀sì yẹn, kí n tún un rán, ojú ń tì mí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ aṣọ. Onílé wa gbà mí níyànjú. Ó ní, "Bàbá Télọ̀, ẹ wọ bùbá àti ṣòkòtò lọ ulé ẹjọ́, ẹ dé fìlà, kí adájọ́ lè rí i pé Yorùbá ni yín." Ire ló rò sí mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó lọ tán, mo fa ìyókù aṣọ aláwọ̀ eérú yẹn jáde lábẹ́ tábìlì. Ó tó jàlámíà kan fún ọkùnrin tó ti gbẹ bíi tèmi. Mo gbé àlùmọ́gàjí lé e, mo gé e. Ìyá rẹ jókòó tì mí, ó ń bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Mo ti rán an tán, ó wà lára ìkọ́ bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Òun ni mo máa wọ̀ lọ sí Oǹdó. Kí adájọ́ wò mí dáadáa. Kí Fẹ́mi náà wò mí dáadáa. Bí ó bá ń wá ojú mi láti mọ̀ bóyá Yorùbá ni mí tàbí Fúlàní, kí ó bi ara rẹ̀ ohun tó fẹ́ fi mímọ̀ náà ṣe.

Màlámù Gàrúbà máa jókòó ní ọ̀tún mi, ìyá rẹ ní òsì. Àwọn àgbà ní kí ọmọ ẹni kú, ó sàn ju kí ó nù lọ. Èmi ti rí ikú ọmọ báyìí, mi ò sì rí ohun tó fi sàn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mi ò lè gbé ọ̀kan tó kú àti ọ̀kan tó nù pọ̀. O ní kí n má pè ọ́ lọ́mọ mọ́. Mo ti gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu nínú ohun púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí, mi ò lè ṣe é. Ìyá rẹ máa gbé báàgì rẹ̀ sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó síbẹ̀. Bí o bá dé, bá a gbé e sílẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá Múkáílà àti Ràfíátù.